Mílì ìrẹsì wa jèrè mílíọ̀nù 4, owó báńkì sì wálẹ̀ láti 14 sí 1.5. Níbo lowó wà?

Ọmọ Ìgbẹ́mọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kó tó di ìjà ẹbí.

Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì la jọ ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń bó ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì. A ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, a sì ní akántáǹtì tó ń bá wa ṣe ìwé lọ́dọọdún. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìbàdàn, owó tiwọn ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2025 a ra ẹ̀rọ tuntun tó ń bó ìrẹsì tó sì ń yọ òkúta, torí pé ó ti sú àwọn oníbàárà wa ní Adó láti máa ṣa òkúta lórí àtẹ. Mílíọ̀nù 15 náírà ni gbogbo rẹ̀ gbà wá: mílíọ̀nù 13 fún ẹ̀rọ, 600,000 fún ọkọ̀ tó gbé e láti Èkó, 700,000 fún kọnkéré tó jókòó lé, 500,000 fún àwọn tó tò ó àti àwọn oníwáyà, 200,000 fún ìrẹsì àti díísù tí a fi dán an wò. Mílíọ̀nù 10 jẹ́ owó tiwa, a sì yá mílíọ̀nù 5 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun kan tí kò yé mi ni pé a tún ná 250,000 láti fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ náà níṣẹ́, akántáǹtì ò sì fi ìyẹn kún owó ẹ̀rọ.

Ìwé 2025 ti jáde báyìí. Wọ́n ní a jèrè mílíọ̀nù 4. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí balance sheet, ìyẹn ìwé tó ń fi ohun tí a ní àti gbèsè wa hàn, ìlà owó báńkì ni wọ́n kọ́kọ́ wò, wọ́n sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ jèrè mílíọ̀nù 4, owó báńkì sì fi mílíọ̀nù 12 àbọ̀ dín. Ta ló ń jẹ ẹ́?" Mo ní ẹ̀rọ la fi rà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, kí ló dé tí mílíọ̀nù 15 kò sí nínú ìnáwó tí wọ́n yọ kí wọ́n tó kọ èrè? Mi ò rí èsì fún wọn.

Àwọn nọ́ńbà nìyí, ní mílíọ̀nù náírà.

Ìparí 2024: owó báńkì 14, ìrẹsì tó wà nílẹ̀ 9, owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá 2, ilé àti ẹ̀rọ àtijọ́ 5. Lápapọ̀, 30. A jẹ àwọn àgbẹ̀ ní 3. Tiwa jẹ́ 27.

Ìparí 2025: owó báńkì 1.5, ìrẹsì 15, owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá 3.4, ilé àti ẹ̀rọ 18.1. Lápapọ̀, 38. A jẹ àwọn àgbẹ̀ ní 4, ó ku 3 tí a jẹ ẹgbẹ́. Tiwa jẹ́ 31.

Akántáǹtì ní ọdún 10 ni òun fún ẹ̀rọ tuntun, àti pé mílíọ̀nù kan la ó tà á lẹ́yìn ìyẹn. A ò pín èrè kankan.

Onímílì Ìkọ̀lé:

Èmi ò mọ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín gba ẹjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Owó tó jáde ti jáde. Èmi, bí mo bá ra ẹ̀rọ, ọdún tí mo rà á náà ni mo ń yọ gbogbo owó ẹ̀ kúrò, mo sì ń mọ ibi tí mo dúró. Èrè wo ni wọ́n ń pè ní mílíọ̀nù 4 nígbà tí báńkì ṣófo? Ẹ pààrọ̀ akántáǹtì yẹn.

Akántáǹtì Òkèṣà:

Ẹ má pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìgbẹ́mọ, ẹ kú ọkàn.

Láti ìgbà tí Adó ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó, kò sì sí ìbéèrè tí mo ń gbọ́ tó èyí tí ẹ̀gbọ́n yín bi yín. Kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ẹni tó kówó sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. Àmọ́ balance sheet kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ka ìlà kan níbẹ̀ kó wá dìde láti pe ẹnì kan lólè.

Onímílì ní owó tó jáde ti jáde. Ó jáde ní báńkì lóòótọ́. Ṣé ó jáde nínú ilé-iṣẹ́? Ẹni tó fi owó ra odó lónìí kò tíì jẹ iyán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣègbé, odó wà lẹ́yìnkùlé, á sì gún iyán títí ọdún gbọọrọ. Tó bá wá ka gbogbo owó odó mọ́ iyán alẹ́ àkọ́kọ́, iyán yẹn nìkan ni yóò wọ́n jù láyé, gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e yóò sì dà bí ọ̀fẹ́. Irọ́ ni méjèèjì. Ìdí tí a fi ń gbé owó ẹ̀rọ sí apá ohun ìní dípò kí a dà á sínú ìnáwó ọdún kan nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ tí ẹ rà á. Mílíọ̀nù 10 kúrò lórí ìlà owó báńkì. Mílíọ̀nù 15 wọ ìlà ẹ̀rọ. Mílíọ̀nù 5 wọ ìlà gbèsè. Àpapọ̀ ohun ìní kúrò ní 30, ó di 35. Gbèsè kúrò ní 3, ó di 8. Tiyín ńkọ́? 27 tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tó lówó sí i lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó pàdánù. Ká ní ẹ lówó tó gbogbo ẹ̀rọ náà láì yá kọ́bọ̀, àpapọ̀ ìbá ṣì wà ní 30. Owó ìbá kàn di irin. Ohun tó mú kó wú sí 35 ni gbèsè, kì í ṣe ọrọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí mo mọ àwọn kan tí wọ́n ń fi àpapọ̀ ohun ìní yangàn nígbà tí ó jẹ́ pé báńkì ló ni ìdajì rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú 15 yẹn. Akántáǹtì yín ṣe é dáadáa. Gbogbo owó tó bá gbé ẹ̀rọ dé ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́, tó sì mú un ṣe tán, ara owó ẹ̀rọ ni: ọkọ̀ láti Èkó, kọnkéré, wáyà, ìdánwò. Ti àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ yàtọ̀. Ìmọ̀ wà lórí wọn. Lọ́la wọ́n lè kó o lọ bá Onímílì ní Ìkọ̀lé, ẹ kò sì ní lè dì wọ́n mú. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kò lè dì mú, kò lè kọ ọ́ bí ohun ìní, nítorí náà 250,000 yẹn jẹ́ ìnáwó 2025, ó ti wà nínú ohun tí wọ́n yọ kí èrè tó di 4. Bẹ́ẹ̀ náà ni èlé tí ẹ ń san fún ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá tí wọ́n sì tò láìpẹ́ kò dà bí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́dún mẹ́ta, èlé orí rẹ̀ kì í wọ iye rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni depreciation, ìyẹn ìpín owó ẹ̀rọ tó ń wọ ìnáwó lọ́dọọdún bó ṣe ń gbó. 15 yọ 1 tí ẹ ó tà á lẹ́yìn ọ̀la, ó ku 14. Ẹ pín in sí ọdún 10, mílíọ̀nù kan àti 400,000 lọ́dún. Ilé àti ẹ̀rọ àtijọ́ gba 500,000, mo rí i látinú nọ́ńbà yín. Àpapọ̀ 1.9. 5 tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 15 jẹ́ 20, ẹ yọ 1.9, 18.1 tó wà nínú ìwé yín nìyẹn. Èsì fún ẹ̀gbọ́n yín nìyí: owó ẹ̀rọ wà nínú ìnáwó, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀, ìpín ọdún kọ̀ọ̀kan. Ti 2025 jẹ́ 1.4.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá 12 àbọ̀ tó fẹsẹ̀ fẹ.

Èrè 4. Ẹ dá 1.9 ti depreciation padà sórí rẹ̀, torí kò sí ẹni tó ka 1.9 fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn, inú ìwé nìkan ló ti kọjá. Ó di 5.9. Ìrẹsì tó wà nílẹ̀ kúrò ní 9, ó di 15: mílíọ̀nù 6 ti wọ inú àpò ìrẹsì. Àwọn tó ń rà láwìn fi 1.4 kún gbèsè wọn. Ẹ̀yin náà fi mílíọ̀nù kan kún èyí tí ẹ jẹ àwọn àgbẹ̀, ìyẹn dá owó dúró lọ́wọ́ yín. 5.9 yọ 6, yọ 1.4, ẹ fi 1 kún un: ẹ jìn sí kòtò 500,000. Ìyẹn ni pé gbogbo èrè yín, àti díẹ̀ lé e, wà lórí pákó nínú yàrá ìrẹsì. Ó wá ku ẹ̀rọ. 15 jáde, 5 wọlé láti ọwọ́ ẹgbẹ́, ẹ ti dá 2 padà, nítorí náà 12 gbáko ló jáde. 12 pẹ̀lú 500,000. 14 yọ 12 àbọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ó bá báńkì mu.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Pé nọ́ńbà bára mu kò túmọ̀ sí pé kò sí olè. Ó túmọ̀ sí pé ìwé kò tako ara rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kò ṣeé fi pamọ́, ẹnikẹ́ni tó bá dé Ìgbẹ́mọ á gbọ́ ariwo rẹ̀. Ibi tí ọ̀dítọ̀ tó gbọ́n, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, máa ń lọ ni ìlà ìrẹsì. Ẹ ní mílíọ̀nù 15 wà nílẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn, kí wọ́n ka àpò, kí wọ́n gbé díẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n yà èyí tí ẹ ti bó sọ́tọ̀ kúrò lára eléèpo, kí wọ́n sì béèrè iye tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fún wọn lómi tútù. Ọ̀rọ̀ á tán níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kì í ṣe èrè, kì í sì í ṣe olè. Ní ìparí 2024, ohun tó lè tètè di owó lọ́wọ́ yín jẹ́ 25, gbèsè tó sún mọ́lé jẹ́ 3. Báyìí, 19.9 ló kù, 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ìrẹsì, gbèsè sì ti di 7 bó bá jẹ́ pé ọdún 2026 ni ẹgbẹ́ fẹ́ gba 3 tó kù. Owó tí ẹ fi ń ra ìrẹsì eléèpo nígbà ìkórè lẹ fi ra ẹ̀rọ tó máa lo ọdún 10. Ẹ̀rọ náà dára, ẹ kò rà á wọ́n. Ọ̀nà tí ẹ gbà san owó rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ ọlọ́dún gígùn, owó ọlọ́dún gígùn ló yẹ kó bá a lọ: ẹ̀bá ti yá 10 fún ọdún mẹ́rin, kí ẹ fi 5 tiyín sí i. Bí oníbàárà kan tó jẹ yín lówó bá sọ pé òun ò rí i san nígbà ìkórè tó ń bọ̀, kí lẹ máa fi ra ìrẹsì? Ẹ̀rọ mílíọ̀nù 15 á wà níbẹ̀, kò ní rí nǹkan bó.

Ìyá Búrẹ́dì, Ìkẹ́rẹ́:

Bàbá, ẹ kú àlàyé o. Ẹ dákun, ti èmi ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá mo tún inú ààrò búrẹ́dì mi ṣe, wọ́n pààrọ̀ bíríkì díẹ̀ tó ti sán, 380,000. Mo sì yọ ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tó kú, mo fi tuntun sí i, mílíọ̀nù 2 àti 100,000. Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé kó méjèèjì pọ̀ sínú àtúnṣe. Ọdún yẹn wá dà bí ọdún àdánù.

Akántáǹtì Òkèṣà:

Ìyá, kí ọmọ náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Bíríkì díẹ̀ tó sán tí ẹ yọ, kí ààrò lè máa ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Àtúnṣe ni, ìnáwó ọdún yẹn. Nínú mílì Ọmọ Ìgbẹ́mọ, rọ́bà méjì tó ń yí lódì sí ara wọn láti fi pa èèpo ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀: wọ́n ń jẹ, a ń pààrọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹni tó ń kọ rọ́bà bí ohun ìní.

Ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Òun ló pọ̀ jù nínú jẹnẹrétọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò sì fi ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 2 àti 100,000 wọ apá ohun ìní. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni pé iye tó kù nínú ìwé fún ẹ́ńjìnnì tó kú gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bí àdánù. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, ìwé yín á ní ẹ́ńjìnnì méjì nígbà tí ọ̀kan ti wà lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin.

Onímílì Ìkọ̀lé:

Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tó wọ ẹ̀rọ kì í dín èrè kù lójú ẹsẹ̀, ṣé mi ò lè kó díísù àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, kí èrè mi lè dára lójú báńkì tí mo fẹ́ yáwó lọ́wọ́ wọn? Àti pé owó-orí ńkọ́? Bí mo bá yọ gbogbo owó ẹ̀rọ lọ́dún kan, owó-orí mi ò ní kéré ni?

Akántáǹtì Òkèṣà:

Ọkùnrin yìí, ẹ fẹ́ kí wọ́n wá mú yín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù WorldCom ní Amẹ́ríkà ti dán an wò. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn oníwáyà tẹlifóònù mìíràn kí ìpè àwọn oníbàárà wọn lè kọjá jẹ́ ìnáwó ojoojúmọ́, bíi díísù yín gẹ́lẹ́. Wọ́n kó o lọ sí apá ohun ìní. Èrè ń dán, balance sheet ń wú. Cynthia Cooper, ọ̀gá àwọn ọ̀dítọ̀ inú ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n tú u fó. Ní oṣù kẹfà 2002 ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ dọ́là bílíọ̀nù 3.8 tí wọ́n ti kọ sí ibi tí kò tọ́, nígbà tó fi di oṣù keje wọ́n ti sá lọ sábẹ́ òfin onígbèsè. Ní 2005 ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá àgbà wọn, Bernard Ebbers, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Bí ẹ bá ń ka ìwé ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ẹ rí i pé ẹ̀rọ ń pọ̀ lọ́dọọdún ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń jáde lára ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i, ẹ fura.

Ìbéèrè kejì: agbowó-orí kò bìkítà nípa depreciation yín. Ìbáà jẹ́ ọdún kan lẹ fi yọ ọ́ tàbí ọdún 10, wọ́n á dá a padà sórí èrè, wọ́n á wá fún yín ní capital allowance, ìyẹn iye tí ẹ lè yọ lórí ẹ̀rọ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, ní ìwọ̀n tí òfin fúnra rẹ̀ là kalẹ̀. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026 ti yí ìwọ̀n wọ̀nyẹn padà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ìwé àtijọ́ ṣírò. Yíyọ tí ẹ ń yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó-orí yín. Ó kàn ń ba ìwé yín jẹ́ lójú báńkì tí ẹ ń wá ojú rere wọn ni.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ:

Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kà á, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ wá ka àpò ìrẹsì lóòótọ́. Kò burú, yàrá wà.

Wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ méjì mìíràn jáde. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wa ní irú rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 19 báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a kọ 19 sínú ìwé, kí èrè lè pọ̀, kí a sì pín nǹkan. Ìkejì, ẹnì kan ní Ìjerò fẹ́ ra ẹ̀rọ àtijọ́ ní mílíọ̀nù 2 àti 300,000. Mílíọ̀nù kan àti 800,000 ló kù sí lára rẹ̀ nínú ìwé.

Akántáǹtì Òkèṣà:

Ti 19 yẹn, rárá. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là ni iye inú ìwé fún ẹ̀rọ tí èèyàn ti rà ṣáájú ti ń dà bí ẹ̀fẹ̀, mo gbà. Òfin ìṣírò fàyè sílẹ̀ láti tún iye dá, àmọ́ bí ẹ bá ṣe é fún ẹ̀rọ kan, gbogbo irú rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ṣe é fún, ẹ ó sì máa tún un ṣe nígbà dé ìgbà, pẹ̀lú owó ẹni tó mọ iye ẹ̀rọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ohun tó bá fi lé kì í wọ èrè. Inú àpamọ́ kan ní apá tiyín ló ń wọ̀, kò sì ṣeé pín bí èrè. Irin lẹ ṣì ní lọ́wọ́, ẹ kò ní rí owó fà yọ níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní iye tí ẹ rà á, kí depreciation máa lọ. Àti pé pẹ̀lú mílíọ̀nù kan àbọ̀ ní báńkì, kí lẹ fẹ́ pín?

Ti ẹni Ìjerò, ẹ tà á. Mílíọ̀nù 2 àti 300,000 á wọ báńkì, mílíọ̀nù kan àti 800,000 á kúrò lórí ìlà ẹ̀rọ, 500,000 tó ṣẹ́ kù á wọ èrè 2026. Ẹ ní kí akántáǹtì kọ 500,000 náà sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n yín má bàa rò pé ìrẹsì ló mú un wá, kí wọ́n tún wá máa retí irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹni náà san án sí, kó tó gbé ẹ̀rọ kúrò ní Ìgbẹ́mọ. Ẹ má sì fi san gbèsè ẹgbẹ́ ṣáájú àsìkò bí wọn kò bá fi èlé ni yín lára. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí kó ìrẹsì eléèpo wá.